Àwọn Kúékà àtijọ́: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ àwọn èèyàn yìí ni ìbéèrè kan náà máa ń wá, torí náà mo kó wọn jọ síbí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ bá gùn níbì kan tó kúrú níbòmíràn, ẹ má bínú, ibi tó dùn mọ́ mi ni mo ti jókòó pẹ́.

Ta ló ń jẹ́ Kúékà? Ṣé àwọn tó ń ṣe ọ́òtì inú agolo yẹn ni?

Rárá o. Ilé iṣẹ́ kan ní Ohio ní Amẹ́ríkà ló fi orúkọ yẹn sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1877, àwọn tó ni ín kì í ṣe Kúékà rárá, wọ́n kàn mọ̀ pé bí oníbàárà bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, á ti gbà pé ẹni yìí ò ní rẹ́ òun jẹ. Ẹ dẹ̀ rò ó wò o, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń jù sẹ́wọ̀n, tí wọ́n ń nà ní pàṣán káàkiri ìgboro ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú, orúkọ wọn ni oníṣòwò wá ń yá lò kí ọjà ẹ̀ lè tà. Bó ṣe di bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Kúékà gangan, Kristẹni ni wọ́n, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láàárín 1640 sí 1660. Ìgbà yẹn, ogun abẹ́lé ti tú ìlú ká, wọ́n bẹ́ orí Ọba Charles Kìíní ní 1649, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ò lágbára mọ́, wòlíì pọ̀ nígboro bí ìgbà tí èèyàn bá gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó kọjá tó ń wo pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ púpọ̀ dìde nígbà náà tí wọ́n ti parẹ́. Àwọn wọ̀nyí ò parẹ́.

Kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà?

Ẹni tó ń gbọ̀n. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni. Ní 1650 ni wọ́n gbé George Fox lọ síwájú adájọ́ kan ní ìlú Derby tí wọ́n ń pè ní Gervase Bennet, Fox ní kí wọ́n wárìrì níwájú ọ̀rọ̀ Olúwa, adájọ́ ní ẹ̀yin agbọ̀n-jìnnìjìnnì wọ̀nyí, bó ṣe mọ́ wọn lára nìyẹn. Àwọn fúnra wọn, Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn, torí Jésù sọ nínú ìwé Jòhánù pé ọ̀rẹ́ òun ni àwọn tó bá ń ṣe ohun tí òun pa láṣẹ. Di òní, Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́ ni orúkọ tó wà nínú ìwé wọn.

George Fox yìí, ta ni?

Ọmọ ahunṣọ ni, wọ́n bí i ní 1624 ní abúlé kan ní Leicestershire, wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránbàtà. Kò ka ìwé tó àwọn àlùfáà rárá. Ní 1643, ó kúrò nílé torí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, ó ń ti ọ̀dọ̀ àlùfáà kan bọ́ sí òmíràn láti bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣe é, ọ̀kan nínú wọn ní kó lọ máa mu tábà kó dẹ̀ máa kọ sáàmù! Fox ní òun ò fẹ́ràn tábà, òun ò dẹ̀ wà ní ipò ẹni tó ń kọrin. Ní 1647 ló wá gbọ́ ohùn kan tó sọ fún un pé Jésù Kristi nìkan ló lè bá ipò tó wà yẹn sọ̀rọ̀. Ohun tó wá ń wàásù látìgbà náà ò ṣòro: Ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wà nínú gbogbo èèyàn, ọkùnrin obìnrin, olówó tálákà, a ò nílò ẹni tí wọ́n rán lọ sí Oxford kó tó bá wa dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ ti mọ ẹni tí inú ẹ̀ ò ní dùn sí ìyẹn.

Báwo ló ṣe di ẹgbẹ́ ńlá?

1652 ni ọdún náà. Fox gun òkè Pendle ní àríwá, ó ní òun rí ibi tí Ọlọ́run ti fẹ́ kó èèyàn jọ, lẹ́yìn náà ló dúró lórí àpáta ní Firbank Fell tó wàásù fún bíi wákàtí mẹ́ta, bíi ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà níbẹ̀. Kò pẹ́ ló dé ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Swarthmoor, nítòsí Ulverston. Adájọ́ ni baálé ilé, Thomas Fell, kò sí nílé, ìyàwó ẹ̀ Margaret ló gbà á lálejò, kí bàbá tó padà dé, ìyàwó, àwọn ọmọ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ti di ti Fox. Àwọn aládùúgbò lọ pàdé adájọ́ lójú ọ̀nà, wọ́n ní Fox ti fi oògùn mú ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ará ilé ẹ̀. Bàbá yìí gbọ́n ṣá, ó gbọ́ tẹnu ìyàwó ẹ̀, ó gbọ́ ti Fox, kò dara pọ̀ mọ́ wọn títí tó fi kú ní 1658 àmọ́ ó yọ̀ǹda ilé ẹ̀ fún ìpàdé wọn. Margaret yìí, èmi gbà pé bí kì í bá ṣe tiẹ̀, Fox ì bá kàn jẹ́ oníwàásù kan tó kọjá lọ. Òun ló ń kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà lẹ́nu ìrìn àjò, òun ló jẹ́ kí wọ́n dá owó jọ fún àwọn tó wà lẹ́wọ̀n àtàwọn ìdílé wọn. Ó fẹ́ Fox ní 1669, ọdún kọkànlá lẹ́yìn ikú adájọ́.

Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí obìnrin wàásù nígbà yẹn?

Láti ìbẹ̀rẹ̀. Elizabeth Hooton wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé Fox, ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, ó wàásù, ó ṣẹ̀wọ̀n. Margaret Fell wà lẹ́wọ̀n Lancaster nígbà tó kọ ìwé kékeré kan ní 1666 láti fi Bíbélì gan-an gbè é lẹ́sẹ̀ pé obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ nínú ìjọ. Ẹni tó wá yà mí lẹ́nu jù ni Mary Fisher. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, iṣẹ́ ilé ló ń ṣe fún wọn ní Yorkshire. Ní 1656 òun àti Ann Austin dé Boston, àwọn Kristẹni bíi tiwọn bọ́ wọn sí ìhòhò láti wá àmì àjẹ́ lára wọn, wọ́n jó ìwé wọn, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọ́n dá wọn padà. Ní 1658 ó wá rìn lọ bá Súltàn àwọn Tọ́kì, Mehmed Kẹrin, nínú àgọ́ ogun ẹ̀ nítòsí Adrianople. Mùsùlùmí ni o. Súltàn gbà á lálejò bí aṣojú ìjọba, ó tẹ́tí gbọ́ ọ, ó tún ní kí òun fún un ní ẹ̀ṣọ́ tó máa sìn ín lọ, obìnrin yìí ní òun ò nílò. Ẹ wo iyàtọ̀.

Lóòótọ́ ni pé wọn kì í ṣí fìlà fún àgbà?

Lóòótọ́ ni, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti dùn mọ́ mi jù nìyí, torí ọmọ Yorùbá ló máa tètè yé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, tó o bá pàdé ẹni tó jù ẹ́ lọ, o máa ṣí fìlà, o máa tẹrí ba, ìdọ̀bálẹ̀ tiwọn nìyẹn. Wọ́n dẹ̀ ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin" bíi tiwa gẹ́lẹ́! "Thou" ni fún ọmọdé, fún ìránṣẹ́ àti fún Ọlọ́run, "you" ni fún ẹni ọ̀wọ̀. Òde òní ni "you" ti gba gbogbo ẹ̀ tán tí àwa wá ń sọ pé èdè Òyìnbó ò lọ́wọ̀. Kúékà wá ní èèyàn kan ṣoṣo ló dúró síwájú mi, kí ló dé tí màá fi máa pè é bíi pé wọ́n pọ̀, irọ́ nìyẹn, ìpọ́nni ni, Ọlọ́run tó dá a gan-an ìwọ ni mò ń pè é nínú àdúrà. Àwa náà dẹ̀ kọ́, ta ni nínú wa tó ń gbàdúrà pé "ẹ̀yin Ọlọ́run"? Fìlà náà bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kan bá ń gbàdúrà ni wọ́n máa ń ṣí i, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan ló ni ìyẹn.

Ẹ wá fojú inú wo ọmọ àgbẹ̀ tó dúró níwájú adájọ́, fìlà lórí, tó ń sọ pé "ìwọ, gbọ́ mi". Kì í ṣe àwọn alágbára nìkan ló dùn. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà, Thomas Ellwood, tó di Kúékà ní nǹkan bí 1659, bàbá ẹ̀ lù ú, ó já fìlà gbà lórí ẹ̀, ó wọ òmíràn, bàbá tún gbà á, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí fìlà fi tán nílé, ló bá ń rìn lórí òfìfo nínú òtútù. Ọjọ́ tó pe bàbá ẹ̀ ní "ìwọ", bàbá ní tó bá tún dán an wò òun á gbá eyín ẹ̀ wọ ọ̀fun. Èmi ò lè ṣe é láé, màmá mi ò ní gbà. Ellwood yìí ló wá di ẹni tó ń ka ìwé fún John Milton, akéwì tó fọ́jú, nígbà tó yá.

Kí ló dé tí wọn ò gbà láti búra ní kóòtù?

Torí Jésù ní ká má búra rárá, kí bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ń búra ti ń sọ pé òun máa ń parọ́ láwọn ọjọ́ yòókù nìyẹn. Ọgbọ́n ọ̀hún dáa, àmọ́ òun náà ló kó wọn sí wàhálà jù. Tí adájọ́ ò bá rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ Kúékà, ó kàn máa ní kó búra pé òun á ṣolóòótọ́ sọ́ba, kò ní búra, ìjọba lè gba ilẹ̀ àti dúkìá ẹ̀, kí wọ́n dẹ̀ tì í mọ́lé títí ọba á fi dá a sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi mú Margaret Fell nìyẹn ní 1664, ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Ọdún 1696 ni ìjọba tó ṣòfin pé kí wọ́n máa fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ láìbúra.

Báwo ni ìsìn wọn ṣe ń lọ?

Wọ́n á jókòó, wọ́n á dákẹ́. Ó tán! Kò sí pásítọ̀, kò sí orin, kò sí ìlù, kò sí ìrìbọmi, kò sí oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Tí Ẹ̀mí bá gbé ọ̀rọ̀ sí ẹnì kan lẹ́nu, ọkùnrin tàbí obìnrin, á dìde sọ ọ́, á jókòó padà. Ó lè jẹ́ wákàtí méjì láìsí ẹni tó sọ nǹkan kan. Wọ́n máa ń pe Sunday ní Ọjọ́ Kìíní, Monday Ọjọ́ Kejì, torí òrìṣà ni wọ́n fi sọ àwọn ọjọ́ yẹn lórúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìgbéyàwó náà bẹ́ẹ̀: ọkọ àti ìyàwó á dìde, wọ́n á mú ara wọn níwájú ìjọ, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á fọwọ́ sí ìwé. Kò sí àlùfáà tó so wọ́n pọ̀, kò sí ẹni tó gbowó.

Ṣé ìyà tí wọ́n jẹ pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ?

Ó pọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ṣẹ̀wọ̀n, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú síbẹ̀. Ìdámẹ́wàá nìkan tó láti tú ilé ká, torí òfin ìjọba ni nígbà náà, gbogbo àgbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ san án fún ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba, Kúékà ní àwọn ò san fún àlùfáà tí àwọn ò gbà gbọ́, wọ́n á wá kó màlúù ẹ̀, kó ìkòkò ẹ̀, nígbà míì ohun tí wọ́n kó á ju gbèsè lọ fíìfíì.

James Nayler ni ti ẹ̀ burú jù. Oníwàásù ńlá ni, àwọn kan gbà pé ó dáńtọ́ ju Fox lọ. Ní oṣù kẹwàá 1656 ó gẹṣin wọ Bristol nínú òjò, àwọn obìnrin ń kọrin mímọ́ mímọ́ níwájú ẹ̀ bíi ti Jésù ní Jerúsálẹ́mù. Ó ní àpẹẹrẹ ni, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọ̀rọ̀ òdì ni. Wọ́n nà án ní ẹgba tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, wọ́n fi irin gbígbóná lu ahọ́n ẹ̀, wọ́n sun lẹ́tà B sí iwájú orí ẹ̀. Ká má parọ́, àwọn Kúékà náà tijú ẹ̀, látìgbà náà ni Fox ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹgbẹ́ dáadáa, ìpàdé oṣooṣù, ìpàdé ọdọọdún, kí ẹnì kan má kàn dìde ní Ẹ̀mí lóun ń tẹ̀ lé.

Nígbà tí ọba padà sórí oyè ní 1660, àwọn ọmọ ìjọ mìíràn, Fifth Monarchy ni wọ́n ń pè wọ́n, gbé idà ní London ní oṣù kìíní 1661, ìjọba kó Kúékà mọ́ wọn láìbéèrè. Ìgbà yẹn ni wọ́n kọ̀wé sí ọba pé àwọn ò ní jagun fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ìjọba Kristi tàbí ìjọba ayé. Ó ṣì jẹ́ ìlànà wọn. Òfin lòdì sí wọn ṣì jáde ní 1662, òmíràn ní 1664, òmíràn ní 1670. Ní Reading, ní Bristol, wọ́n kó gbogbo àgbàlagbà sẹ́wọ̀n tán, àwọn ọmọdé ló ń ṣe ìpàdé nìṣó.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni màá sọ. Ní 1670 wọ́n mú William Penn àti William Mead torí wọ́n wàásù ní títì ní London. Wọ́n wọ kóòtù láìdé fìlà, adájọ́ ní kí wọ́n dé e fún wọn padà, ó wá bu owó ìtanràn lé wọn pé wọ́n dé fìlà ní kóòtù! Àwọn aráàlú 12 tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní àwọn ò rí ẹ̀ṣẹ̀ tó ju pé Penn sọ̀rọ̀ ní títì. Wọ́n ti àwọn aráàlú yìí mọ́lé, kò sóúnjẹ, kò sí iná, wọn ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà, wọ́n bá jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn, Edward Bushell, gbé e lọ sí kóòtù tó ga, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ pé adájọ́ ò lè fìyà jẹ aráàlú torí ìdájọ́ tí wọ́n mú wá.

Àwọn tó sá lọ sí Amẹ́ríkà ńkọ́?

Boston le ju London lọ. Wọ́n pokùn sí Kúékà mẹ́rin lọ́rùn níbẹ̀: William Robinson àti Marmaduke Stephenson ní 1659, Mary Dyer ní 1660, William Leddra ní 1661. Mary Dyer wà lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn méjì àkọ́kọ́, okùn ti wà lọ́rùn ẹ̀ kí wọ́n tó ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó máa lọ, ó lọ, ó tún padà wá lọ́dún kejì, wọ́n pa á. Ọba Charles Kejì ló kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yé pa wọ́n, ẹni tó gbé lẹ́tà náà dé ni Samuel Shattuck, Kúékà tí wọ́n ti lé jáde ní Boston fúnra wọn. Gómìnà Endecott ní kí wọ́n ṣí fìlà lórí ẹ̀. Nígbà tó rí ohun tó mú wá, ó ní kí wọ́n dá fìlà ẹ̀ padà, òun náà wá ṣí tiẹ̀ fún lẹ́tà ọba.

Ní 1681 ni ọba fún Penn ní ilẹ̀ láti fi san gbèsè £16,000 tó jẹ bàbá ẹ̀ tó ti kú, ọ̀gá ológun ojú omi. Pennsylvania túmọ̀ sí igbó Penn. Oríṣiríṣi ìjọ ló gbà síbẹ̀, ó bá àwọn Lenape tó ni ilẹ̀ ṣàdéhùn, kò dá ọmọ ogun sílẹ̀. Àmọ́ ní 1737 àwọn ọmọ ẹ̀ fi ìwé kan jáde pé ilẹ̀ tí èèyàn bá lè rìn já ní ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni àwọn Lenape ti tà fún àwọn, wọ́n la ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n háyà àwọn tó lè sáré. Èrú pátápátá.

Mo gbọ́ pé àwọn ló jà fún àwa dúdú kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, irọ́ dẹ̀ ni. Penn fúnra ẹ̀ ní ẹrú. Fox dé Barbados ní 1671, ó rí àwọn Kúékà tó ní oko ìrèké, ó ní kí wọ́n ṣe wọ́n jẹ́jẹ́, kí wọ́n kọ́ wọn lẹ́sìn, kí wọ́n tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò sọ pé kí wọ́n jáwọ́. Ẹni tó ní Ìmọ́lẹ̀ wà nínú gbogbo èèyàn!

Ní 1688, ọkùnrin mẹ́rin ní Germantown nítòsí Philadelphia kọ̀wé pé kò dáa kéèyàn ra èèyàn, ṣé ẹ̀yin náà máa fẹ́ kí wọ́n ṣe yín bẹ́ẹ̀. Ìpàdé oṣù ní ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju àwọn lọ, ó gbé e fún ìpàdé ẹkùn, ìyẹn gbé e fún ìpàdé ọdún, ìpàdé ọdún gbé e pamọ́. Wọn ò rí bébà náà mọ́ àfi ní 1844.

Benjamin Lay ni akọni tèmi. Kò ga ju bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, ó ní iké lẹ́yìn, inú ihò ló ń gbé, ó ń hun aṣọ ara ẹ̀ torí kò fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí ẹrú ṣe. Ní 1738 ó wọ ìpàdé ọdún ní Burlington pẹ̀lú ìwé ńlá kan tó ti gbẹ́ inú ẹ̀, ó fi omi èso pupa sínú àpò ìtọ̀ ẹran tó wà níbẹ̀, ó fa idà yọ, ó gún un, omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ ta sára àwọn tó ní ẹrú. Wọ́n gbé e sọ síta, wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. John Woolman tó jẹ́ télọ̀ ò pariwo ní tiẹ̀, ilé dé ilé ló ń lọ, tó bá sùn nílé ẹni tó ní ẹrú á san owó fún àwọn ẹrú tó tọ́jú ẹ̀. Ní 1758 ìpàdé Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń ra ẹrú wí. Wọ́n sọ ọ́ fún Lay, ó ní òun lè kú wàyí, ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1776 wọ́n ní ẹni tí kò bá tú ẹrú sílẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó lòdì sí òwò ẹrú bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1787, àwọn 12 ni, 9 nínú wọn jẹ́ Kúékà. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín 1688 sí 1776 fúnra yín.

Báwo ni ẹni tí wọ́n ń kó lẹ́rù ṣe wá di olówó?

Wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Oxford àti Cambridge ò gbà wọ́n, iṣẹ́ ìjọba gba ìbúra, iṣẹ́ ológun lòdì sí ẹ̀rí ọkàn wọn. Kí ló kù? Òwò. Níbi òwò náà, iye kan ni wọ́n ń dá, kò sí ìná ọjà. (Ẹ wá dán ìyẹn wò ní Dùgbẹ̀.) Níbẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà sá torí wọn ò kí èèyàn bó ṣe yẹ, nígbà tó yá wọ́n rí i pé èèyàn lè rán ọmọ kékeré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kúékà, wọn ò ní yàn án jẹ, ni èrò bá ń wọ́. Tó o bá jẹ gbèsè tí o ò lè san, ẹgbẹ́ máa yọ ẹ́, torí náà báńkì fọkàn tán wọn, àwọn náà wá di báńkì: John Freame tó bẹ̀rẹ̀ ohun tó di Barclays ní 1690, Sampson Lloyd ní Birmingham ní 1765. Abraham Darby fi èédú inú ilẹ̀ tí wọ́n ti sun yọ́ irin ní Coalbrookdale ní 1709. John Cadbury ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 1824, ó ń ta tíì àti kòkó, torí ó fẹ́ kí aráàlú rí nǹkan mìíràn mu yàtọ̀ sí ọtí. Bournville ni àdúgbò tí àwọn ọmọ ẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ sí ní 1879, ibẹ̀ ni orúkọ Bournvita tí gbogbo wa mu dàgbà ti wá.

Ohun kan tún wà ńbẹ̀. Tó o bá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Kúékà, wọ́n máa yọ ẹ́, òfin yẹn wà títí di nǹkan bí 1860. Torí náà àárín ara wọn ni wọ́n ń fẹ́, owó ò jáde, gbogbo wọn di àna ara wọn. Ó mú wọn lówó, ó dẹ̀ mú wọn kéré níye.

Ṣé wọ́n bá àwa Yorùbá pàdé rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Hannah Kilham, opó kan láti Sheffield tó di Kúékà ní 1803, lọ sí Sierra Leone láti kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ ẹrú. Ó ní kí wọ́n máa fi èdè wọn kọ́ wọn kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà yẹn ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé kékeré tó tẹ̀ jáde ní 1828 ní ọ̀rọ̀ láti inú nǹkan bí ọgbọ̀n èdè, tiwa wà níbẹ̀, Àkú lorúkọ tí wọ́n ń pè wá ní Freetown torí a ò yé kí ara wa, ẹ kú, ẹ kú. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú kí Àjàyí Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tiẹ̀ jáde ní 1843. Ojú omi ni Kilham kú sí ní 1832.

Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà náà, Kúékà mẹ́ta, Adam Curle, Walter Martin àti John Volkmar, ń lọ ń bọ̀ láàárín Gowon àti Ojukwu, láìpariwo, láti bá wọn wá àlàáfíà.

Wọ́n ṣì wà lónìí?

Wọ́n wà, ṣùgbọ́n Kẹ́ńyà ni wọ́n pọ̀ sí jù láyé báyìí, kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta ló gbé e dé Kaimosi ní 1902. Níbẹ̀, wọ́n ní pásítọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.